TA NI YÓÒ WÁ? Ọlọ́pàá, panápaná àti ẹ̀rọ tó ń ronú, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ fi sùúrù kà á. Tí dátà yín bá fẹ́ tán, ẹ fi pamọ́ kí ẹ padà wá kà á.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ wa níbí ní Ìkòròdú dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin méjì ló ní. Èyí ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ géètì ní ẹ̀sítéètì kan. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà wá, wọ́n ní kí mẹ́rin máa lọ sílé, ó wá ku òun àti ẹnì kan. Èyí àbúrò fẹ́ wọṣẹ́ panápaná, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI máa gba gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá wá bi mí pé: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ mi ni ẹ̀rọ ò ní gbà?"

Mo ní a ó gbàdúrà sí i. A sì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè la fi ń ṣe àmín ká sì máa lọ. Mo sọ fún màmá pé màá lọ wádìí, màá sì kọ ìdáhùn síbí kí ẹlòmíì náà lè rí i. Òun nìyí. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn, torí ẹni tí ò mọ ibi tí iṣẹ́ kan ti ń bọ̀, kò lè mọ ibi tó ń lọ.

OLÙṢỌ́ ÀTI ẸLẸ́ṢIN

Ẹ ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹsàn-án. Olùṣọ́ kan wà lórí ilé ìṣọ́ ní Jésíréélì. Ó rí àwọn èèyàn kan tó ń bọ̀ lókèèrè, ó sì kígbe. Ọba rán ẹlẹ́ṣin kan jáde, ẹlẹ́ṣin ò padà. Ó rán èkejì, òun náà ò padà. Olùṣọ́ yìí tiẹ̀ dá ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ láti ara bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ níwàkuwà: ó ní Jéhù ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń wò, ó ń dámọ̀, ó ń ròyìn. Èkejì ń gun ẹṣin lọ bá ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ yẹn ni kámẹ́rà ń ṣe lónìí. Ẹ̀rọ kan wà báyìí tó lè fi ìrìn ẹsẹ̀ nìkan dá èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin ńkọ́? Ẹ fi iṣẹ́ méjì yìí sọ́kàn, àwọn la ó fi wọn gbogbo ohun tó kù.

INÚ ILÉ KAN NI WỌ́N TI JÁDE

Kí òyìnbó tó dé, ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú lóru, oníbodè ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Tí iná bá ràn mọ́ òrùlé koríko, igbe ni: "Iná o! Iná o!" Gbogbo ilé á gbé omi jáde. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù pé panápaná lòun. Ẹni tó bá gbọ́ igbe náà ló ń pa á.

Ọlọ́pàá tí a mọ̀ yìí ńkọ́? Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni ìran wọn ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní 1861, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó mọ́ Ọba Dòsùnmú lọ́wọ́, aṣojú ìjọba wọn kó ẹ̀ṣọ́ jọ, 30 ọkùnrin péré. Láti ara 30 yẹn ni iṣẹ́ ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa.

Ní 1863, ìjọba yẹn gbógun lọ bá Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù kẹta 1865, ogun Ẹ̀gbá ká Ìkòròdú mọ́, torí ibí yìí ni ọ̀nà Rẹ́mọ ti ń já sí ọ̀sà, ibi tí ọjà ti ń kọjá lọ sí Èkó. Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán sójà àti àwọn Haúsá tó ti kó jọ wá, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú ogun náà ká. Àwọn Haúsá Glover yìí ló di Hausa Constabulary ní 1879, wọ́n ti tó 1,200 nígbà náà. Ní 1896, wọ́n dá Lagos Police sílẹ̀. Ní 1930, wọ́n pa ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀, ó di Nigeria Police Force.

Ẹ rí nǹkan? Láàárín ọdún méjì, agbára kan náà dojú ìbọn kọ Ẹ̀pẹ́, ó sì gba Ìkòròdú sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ní ìbéèrè kan nínú: ta ni ọ̀tá, ta ni tiwa?

Panápaná ńkọ́? Inú ọlọ́pàá ló ti jáde. Ní 1901, abẹ́ ọlọ́pàá Èkó ni wọ́n dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ sí. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra. Panápaná kì í bi iná pé "ìwọ ta ni?" Iná ò lè purọ́, kò ní ìdílé, kò sí pé ó jẹ̀bi tàbí ó jàre. Èèyàn ni ọlọ́pàá ń bá pàdé, èèyàn sì lè jẹ́ aláìṣẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí máa wúlò fún wa níwájú.

ẸNI TÍ Ẹ̀RỌ TI GBAṢẸ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀ RÍ

Ẹ̀rù AI yìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní 1852, ìlú Boston ní Amẹ́ríkà na wáyà tẹlígíráàfù káàkiri àdúgbò. Èèyàn fa ọwọ́ kan nínú àpótí, ilé panápaná sì mọ àdúgbò tí iná wà. Ní 1937, London bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà 999. Ní 1968, wọ́n pe 911 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Haleyville, ní Alabama. Tiwa l'Ékòó lónìí ni 767 àti 112. Tí ẹ ò bá tíì fi sínú fóònù yín, ẹ dúró níbí kí ẹ fi síbẹ̀ kí ẹ tó máa kà lọ.

Ta ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó ń sáré jíṣẹ́ ni, àti ẹni tó ń dúró sókè wo èéfín. Wáyà Boston ò pa iná kankan. Ó kàn jẹ́ kí àwọn tó ń pa iná tètè gbọ́ ni.

Àwọn kan tún wà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láìṣe ẹ̀rọ. Àwọn àgbà á rántí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí a máa ń pè ní akódà. Akódà mọ bàbá rẹ, ó mọ agboolé rẹ, ó mọ ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Ó ní àléébù o! Àwọn olóṣèlú lò wọ́n láti fi fìyà jẹ alátakò, òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, ìjọba fòpin sí wọn, wọ́n kó àwọn kan wọnú ọlọ́pàá àpapọ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ ìlú míì tí ò mọ orúkọ ọ̀nà kan ni wọ́n lè gbé wá ṣọ́ wa. Òfin tó dá Neighbourhood Safety Corps sílẹ̀ l'Ékòó ní 2016 gbìyànjú láti dá ẹni tó mọ àdúgbò padà síta. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

OHUN TÍ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ KÀ

Ní 2013, ọ̀mọ̀wé méjì ní Oxford, Carl Frey àti Michael Osborne, to irú iṣẹ́ 702 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí kọ̀ǹpútà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo díẹ̀ níbẹ̀, nínú 100:

Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé àti géètì: 84.
Ẹni tó ń gba ìpè pàjáwìrì: 49.
Panápaná: 17.
Ọlọ́pàá tó ń rìn kiri ìgboro: bí 10.
Òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì: bí 5.
Àlùfáà: kò tó 1. (Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, èmi kọ́ ni mo ṣírò rẹ̀.)

Àròjinlẹ̀ ni, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n wò, kì í ṣe Ìkòròdú, àwọn ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ lónìí ò sì tíì dé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tò: olùṣọ́ ló wà lókè, ẹlẹ́ṣin ló wà nísàlẹ̀. Ìtàn 1852 ló tún padà wá.

Ohun kan wà tí iye yẹn ò lè sọ, mo sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí ojú wa rí ṣàlàyé rẹ̀.

ỌDÚN 2016 ÀTI 2017

Ẹni tó bá gbé apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà ò lè gbàgbé. Ọjọ́ 29 oṣù kejì 2016, ajínigbé wọ ilé-ìwé Babington Macaulay ní Ìkòròdú, wọ́n gbé ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ni a tó rí wọn gbà padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n wọ Model College ní Igbóńlá, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin àti olùkọ́ lọ. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2017, wọ́n tún padà wá sí ilé-ìwé yẹn kan náà, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà. Ọjọ́ 28 oṣù keje ni àwọn ọmọ náà tó dé, ó lé ní 60 ọjọ́.

Ẹ gbọ́ mi o. Ilé-ìwé kan náà, láàárín oṣù mẹ́jọ. Ṣé kámẹ́rà ló ṣaláìsí níbẹ̀ ni? Kí ni kámẹ́rà ì bá sọ fún wa tí oṣù kẹwàá ò tíì sọ? Ìlú ti mọ ọ̀nà omi tí wọ́n ń gbà, ìlú ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. A rí ejò, a ò pa á. Ìríran kọ́ ló wọ́n wa. Ẹni tó máa dúró síbẹ̀ kí wọ́n tó dé ló wọ́n wa.

Lásìkò yẹn kan náà ni Badoo dé. Wọ́n ń wọlé lóru ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, Odógunyàn àti àyíká, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí odindi ìdílé lójú oorun. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wọn. Èmi náà ń jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan síbí tí n kì í sọ lórí pẹpẹ. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, a mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìyànà wa. Ó gbé àpò. A ní ta ni ẹ́, kò fèsì. A ní níbo lò ń lọ, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹnì kan pariwo pé "Badoo ni!" Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbé táyà dé, ẹlòmíì ti lọ mú epo wá. Ẹ̀yin ará, mo gbà pé Badoo ni. Igi wà lọ́wọ́ èmi pásítọ̀. Gbogbo àmì ló pé: òru, àpò, ẹni tí ò lè dáhùn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló jáde tòun ti ìró láyà. Ó tan fìtílà sí i lójú, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé? Ọmọ ìyá alákàrà ìsàlẹ̀ nìyí! Akólòlò ni láti kékeré!" Ó di ọmọ náà mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wà nínú àpò. Ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, ọkọ̀ ló já a sílẹ̀ lọ́nà.

N kò sùn mọ́ lóru yẹn. Ní oṣù keje 2017, ní Odógunyàn, àwọn kan ò rí irú ìyá bẹ́ẹ̀: aláwàdà kan àti àwọn tó bá a rìn, wọ́n pè wọ́n ní Badoo, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì sun wọ́n. Aláìṣẹ̀ ni wọ́n.

Kí ló mú mi sọ èyí? Torí bí a ṣe ṣe lóru yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ó ń to àmì jọ, ó ń ní "ó jọ ọ́." Ní oṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, torí pé ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ sọ pé òun ló jalè ní ṣọ́ọ̀bù aago. Kì í ṣe òun. Ní 2024, ìlú náà gbà láti san 300,000 dọ́là fún un, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ ò gba iṣẹ́ ọlọ́pàá Detroit. Ọlọ́pàá ṣì wọ aṣọ rẹ̀, ó ṣì gbowó oṣù rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìrònú rẹ̀. Èyí ni iye 10 nínú 100 yẹn ò lè fi hàn wá.

TI PANÁPANÁ YÀTỌ̀

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní oṣù kẹrin 2019, tí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ń jó ní Paris, inú rẹ̀ gbóná débi pé òrùlé lè wó lu èèyàn. Panápaná Paris rán ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Colossus wọlé pẹ̀lú rọ́bà omi. Ṣé ó lé èèyàn lọ sílé? Rárá o. Bí 400 panápaná ló wà níbẹ̀ lóru yẹn. Ewu ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́.

Ti ìpè pàjáwìrì náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní Copenhagen, wọ́n kọ́ AI láti máa fetí sí ìpè, kó lè mọ̀ bí ọkàn ẹnì kan bá ti dúró. Nígbà tí wọ́n fún un ní àwọn ìpè àtijọ́, ó dá bí 84 mọ̀ nínú 100; àwọn èèyàn tó gbà á nígbà náà dá bí 73 mọ̀. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, kó máa ta wọ́n lólobó nígbà tí ìpè ń lọ lọ́wọ́, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021 sọ pé ìyàtọ̀ tó mú wá ò tó nǹkan. Kí ẹ̀rọ mọ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ fi ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ ṣe nǹkan jẹ́ ọ̀tọ̀.

Èdè Denmark nìyẹn o. Ẹ wo bí tiwa ṣe máa ń rí: "Ẹ gbà wá o, ilé ń jó! Ẹ gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ máa bọ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ẹ bi wọ́n ní ilé Alájá!" Kò sí nọ́ńbà ilé, orúkọ ọ̀nà ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mọ àdúgbò ló máa yé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá dà, ẹni tó lè wẹ̀ ló wúlò, kì í ṣe ẹni tó ń ya fídíò.

ÌDÁHÙN MI FÚN MÀMÁ

Màmá, ti ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wà nínú ewu. Tó bá jẹ́ wíwò nìkan ló mọ̀, ẹ̀rọ ń wò jù ú lọ, kì í sùn, kì í sì í béèrè owó ọdún. Kó kọ́ ohun tí kámẹ́rà ò lè ṣe: kó mọ bí wọ́n ṣe ń pa iná kékeré, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Kó kúrò ní olùṣọ́, kó di ẹlẹ́ṣin.

Àbúrò, gba fọ́ọ̀mù rẹ. Ẹ̀rọ máa bá ọ ṣiṣẹ́, kò ní lé ọ.

Èyí tó bá fẹ́ ṣe ọlọ́pàá nínú yín, iṣẹ́ náà ò ní tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rọ máa sọ fún ọ pé "òun ni." Lọ́jọ́ yẹn, rántí akólòlò ìyànà wa. Ẹ̀rọ ò ní dé kóòtù, kò ní dúró níwájú Ọlọ́run. Ìwọ ni wàá dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, ẹ má ka iye kámẹ́rà tẹ́ ẹ rà fún wa. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìgbà tí a pè àti ìgbà tí ẹ dé. Ẹ̀rọ tó ń tètè rí wàhálà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wá, ẹlẹ́rìí ìparun wa lásán ni.

Mo fẹ́ fi Jésíréélì parí rẹ̀. Olùṣọ́ yẹn ò ṣàṣìṣe kankan. Ó tètè rí, ó dá Jéhù mọ̀, ó ròyìn pé pérépéré. Síbẹ̀, Jórámù ọba kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n rán ló bọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń bọ̀ wá pa á. Ìṣọ́ ò bàjẹ́ rárá. Àwọn tí wọ́n rán ló yí padà. Ẹni tó bá létí, kó gbọ́.

Mo gbà á ládùúrà pé lọ́jọ́ tí a bá kígbe, ẹnì kan máa wá, tiwa ni yóò sì ṣe. Kí Ọlọ́run fi àwa náà ṣe ẹni tó ń wá nígbà tí ẹlòmíì bá kígbe. Àmín.

Ìbéèrè mi fún yín lálẹ́ òní: ọjọ́ tẹ́ ẹ pe fún ìrànlọ́wọ́, ta ló kọ́kọ́ dé? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀, mo ń kà á. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni láti bà á jẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tó wá.